Mùnáfìkí: ta ni orúkọ yìí tọ́ sí?

N'Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní "mùnáfìkí", ìyẹn alágàbàgebè, ti jáde kúrò nínú mọ́sáláṣí tipẹ́. Lọ sí Ọjàába, tàbí kí o wọ ọkọ̀ láti Ìwó Ròódù lọ sí Òjòó, o ò ní pẹ́ gbọ́ ọ. Olóṣèlú tó fi ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn, mùnáfìkí ni. Aládùúgbò tó ń gbé ọ̀rọ̀ tọ̀tún lọ sósì, mùnáfìkí ni. Ọmọkùnrin tó wọ jalàbíà lọ kírun Jímọ́ọ̀, tí wọ́n wá rí i lálẹ́ Sátidé níbi tó ti ń náwó fún olórin, òun náà, mùnáfìkí ni. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì pàápàá ń lò ó. Ó ti di èébú lásán. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá mọ ohun tí Àlùkùráánì ń pè bẹ́ẹ̀ kò ní tètè là á mọ́ ẹnikẹ́ni lórí.

Mẹ̀dínà ni ọ̀rọ̀ náà ti gbilẹ̀, lẹ́yìn tí Ànọ́bì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti ṣí lọ síbẹ̀ ní 622. Àwọn kan gba ẹ̀sìn lẹ́nu, wọ́n ń kírun lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn wọn kò gbà á rárá. Abdullah bin Ubayy ni olórí wọn. Nígbà tí wọ́n ń lọ sógun Uhud ní 625, òun ló kó nǹkan bí 300 ènìyàn padà sílé lójú ọ̀nà. Odidi súúrà (orí) kan nínú Àlùkùráánì, ìkẹtàlélọ́gọ́ta, ló ń jẹ́ orúkọ wọn. Súúrà kẹrin, áyà (ẹsẹ) 145, sì sọ pé ìsàlẹ̀ pátápátá nínú iná ni ibùgbé wọn. Ọ̀rọ̀ tó wúwo báyìí la ń sọ lu ẹni tó jẹ wá lówó aṣọ ẹbí.

Ẹ wo bí Ànọ́bì fúnra rẹ̀ ti ṣe é. Ọlọ́hun fi àwọn kan nínú wọn hàn án. Kò kéde wọn; Hudhayfah, ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, ló fi àṣírí náà pamọ́ sí lọ́wọ́. Nígbà tí Umar, ọmọlẹ́yìn rẹ̀ mìíràn, ní kó jẹ́ kí òun bẹ́ Abdullah bin Ubayy lórí, ó kọ̀, ó ní kí àwọn ènìyàn má baà máa sọ pé Muhammad ń pa àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀. Umar yìí kan náà ló padà lọ bá Hudhayfah, tó bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ fún òun: ǹjẹ́ Ànọ́bì dárúkọ òun mọ́ wọn? Kò béèrè orúkọ aládùúgbò rẹ̀. Tara rẹ̀ ló ń wá.

Àwọn onímọ̀ pín ọ̀ràn náà sí méjì. Ọ̀kan jẹ́ ti ìgbàgbọ́, inú ọkàn ló wà, Ọlọ́hun nìkan ló sì mọ̀ ọ́n. Kò sí ààfáà, bó ti wù kí láwàní rẹ̀ tóbi tó, tó lè búra lé e lórí. Èkejì jẹ́ ti ìṣe. Èyí kì í yọ ènìyàn kúrò nínú Ìsìláàmù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun à-ń-fojú-fò. Hàdíìsì (ọ̀rọ̀ Ànọ́bì) tí Bukhari àti Muslim, àwọn tó kó hàdíìsì jọ, gbà wá ka àwọn àmì rẹ̀: bó bá sọ̀rọ̀, a purọ́, bó bá ṣàdéhùn, a yẹ̀ ẹ́, bí wọ́n bá fọkàn tán an, a dalẹ̀. Ẹ̀gbàwá mìíràn fi kún un pé bó bá ń bá ènìyàn jà, a kọjá ààlà, àti pé ẹni tó bá ní ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, ìpín kan nínú ìwà mùnáfìkí wà lára rẹ̀ títí yóò fi jáwọ́.

Bí wọ́n bá ka hàdíìsì yìí ní asalátù, orí ẹlòmíràn ni ọkàn wa sáà máa ń lọ. Télọ̀ tí Iléyá ku ọ̀la, tó ń wí lórí fóònù pé "ó ti tán, bọ́tìnnì ló kù," tí kò sì tíì gé aṣọ, òun náà ló máa ń mirí jù bí wàásí bá kan ìjọba. Kì í ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀. Òṣùwọ̀n méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò fura.

Ará ọjà Bódìjà á yé èyí. Oníṣòwò kan lè ní kóńgò tó fi ń ra gàrí, ìdí rẹ̀ gún régé. Kóńgò tó fi ń tà, wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Súúrà 83 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ègbé fún irú wọn: bí wọ́n bá ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn, wọ́n á gbà á kún, bí wọ́n bá ń wọ̀n fún ènìyàn, wọ́n á dín in. Àwọn onítumọ̀ kan ní kò mọ sórí ọjà, ó kan ọ̀nà tí a fi ń ṣèdájọ́ ara wa pẹ̀lú. Bí àwa bá pẹ́ dé ìrun Jímọ́ọ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mọ́kọ́lá ló fà á. Bí Alájì ilé kejì bá pẹ́, ayé ló ti gba iwájú ẹ̀sìn lọ́wọ́ rẹ̀. Tiwa, ohun tó wà lọ́kàn wa la fi ń wọ̀n ọ́n. Tẹlòmíràn, ohun tí ojú rí.

Ṣé ká wá pa ẹnu mọ́ ni? Súúrà kejì, áyà 44, béèrè pé ṣé ẹ ó máa pàṣẹ ìwà rere fún ènìyàn, kí ẹ sì gbàgbé ara yín? Ìgbàgbé ara ẹni ló bá wí, kì í ṣe ìwàásù. Hàdíìsì tí Usamah bin Zayd, ọmọlẹ́yìn Ànọ́bì, gbà wá tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọkùnrin kan á máa yí po nínú iná bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ìdí ọlọ, ìfun rẹ̀ á ti tú síta, torí ó ń pàṣẹ rere tí kì í ṣe é, ó ń kọ burúkú tó sì ń ṣe é. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè ní òun ò ní bá ẹnikẹ́ni wí mọ́. Sa'id bin Jubayr, onímọ̀ àtijọ́ kan, ti dá irú wọn lóhùn: bó bá jẹ́ ẹni tí kò ní àléébù nìkan ló lè pàṣẹ rere, kò ní sí ẹni tí yóò pàṣẹ rere. Mo fara mọ́ ọn. Bàbá tó ń fa sìgá lè kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé kó má fà á. Kó má kàn ṣe bí ẹni tí kò fà á rí.

Ìṣe nìkan la lè bá wí. Usamah yìí kan náà pa ọkùnrin kan lójú ogun lẹ́yìn tí ọkùnrin náà ti wí pé kò sí ọlọ́hun mìíràn àfi Ọlọ́hun Ọba. Usamah ní ìbẹ̀rù idà ló mú un wí i. Ànọ́bì bi í pé, ṣé o la àyà rẹ̀ wò ni? Ọkùnrin kan sì wà tí wọ́n ń nà léraléra nítorí ọtí. Nígbà tí ẹnìkan ṣẹ́ èpè lé e, Ànọ́bì ní kó má ṣẹ́ ẹ lépè, pé ọkùnrin náà fẹ́ràn Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n na ọ̀mùtí, wọn ò pè é ní mùnáfìkí.

Súúrà 49, áyà 12, to nǹkan mẹ́ta tẹ̀ léra: àbá burúkú, ìtọpinpin, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Bó ṣe ń rí lórí WhatsApp náà nìyẹn. A kọ́kọ́ fura sí ọmọbìnrin kan, a wá àwòrán rẹ̀ tí kò wọ hijáàbù kàn, a sì gbé e sínú gúrúùpù, a ní ìmọ̀ràn la ń gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á nímọ̀ràn ní nọ́ńbà rẹ̀, kó pè é.

Àwọn mìíràn sì ń da orúkọ náà lu ara wọn. Ààwẹ̀ parí, ìrun òru kò ṣe é dìde sí mọ́, wọ́n á ní mùnáfìkí ni àwọn, wọ́n á pa mọ́sáláṣí tì. Hanzalah, ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé Ànọ́bì, pàdé Abu Bakr, ọmọlẹ́yìn Ànọ́bì mìíràn, lọ́nà, ó ní òun ti di mùnáfìkí: bí òun bá wà lọ́dọ̀ Ànọ́bì, ó dà bí ẹni pé òun ń fojú rí ọ̀run, bí òun bá délé, aya, ọmọ àti iṣẹ́ á gba gbogbo rẹ̀. Abu Bakr ní bó ṣe ń ṣe òun náà nìyẹn. Àwọn méjèèjì jọ lọ bá Ànọ́bì. Ó ní bí wọ́n bá wà títí bí wọ́n ṣe máa ń wà lọ́dọ̀ òun, àwọn mọ̀láíkà ìbá máa bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lórí ibùsùn wọn àti lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n Hanzalah, wákàtí kan fún ti èyí, wákàtí kan fún ti tọ̀hún.