Ìbọ̀wọ́ tó ń gbẹnu sọ fún adití: ṣé kí n ra á fún ọmọ mi?

Ìyá kan n'Íjẹ̀bú-Òde ló rí i nínú fídíò: ẹnì kan wọ ìbọ̀wọ́, ó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, fóònù sì ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde. Ọmọ ìyá yìí obìnrin kò gbọ́ràn, ó sì ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Àwọn ìbéèrè tó bi mí nìyí.

Báwo ni ìbọ̀wọ́ ṣe ń mọ ohun tí ọmọ ń sọ?

Wọ́n to ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ sí ìka kọ̀ọ̀kan. Bí ìka bá ṣe tẹ̀ sí ni iná tó ń gba inú ọ̀já náà kọjá ń yí padà. Nǹkan kékeré kan tún wà lẹ́yìn ọwọ́, irú èyí tó ń jẹ́ kí àwòrán yí nígbà tí ẹ bá yí fóònù yín sí ẹ̀gbẹ́. Òun ló ń mọ ibi tí ọwọ́ kọjú sí àti bó ṣe ń yára tó. Fóònù á gba gbogbo rẹ̀ nípa Bluetooth, á fi wé àwọn àmì tí wọ́n ti kọ́ ọ, á sì mú èyí tó jọ ọ́ jù. Àmì tí wọn ò bá kọ́ ọ, kò lè mọ̀ ọ́n.

Ṣé ó ti wà lóòótọ́?

Ó ti wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ukraine fi ìbọ̀wọ́ tí wọ́n pè ní EnableTalk gba ife ẹ̀yẹ ìdíje Microsoft ní 2012. Ní 2016, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní University of Washington gba ẹ̀bùn 10,000 dọ́là fún SignAloud. Roy Allela ní Kenya ṣe Sign-IO nítorí ọmọbìnrin kan nínú ẹbí rẹ̀ tó jẹ́ adití.

Kí ló dé tí inú àwọn adití kan ò dùn sí i?

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ síbí yìí, torí pé ẹjọ́ wọn tọ́. Ọwọ́ nìkan kọ́ ni adití fi ń sọ̀rọ̀. Nínú èdè adití Amẹ́ríkà, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá gbé irun òkè ojú sókè, ìbéèrè ló di yẹn. Ìbọ̀wọ́ kò rí ojú. Àwọn olùwádìí ní UCLA, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, gbìyànjú láti wá nǹkan ṣe sí i ní 2020, wọ́n lẹ nǹkan mọ́ ojú àti ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Ẹ̀rọ wọn mọ àmì 660. Ta ló fẹ́ lẹ nǹkan mọ́jú lọ sọ́jà?

Èyí tó dùn mí jù ni ti èsì tó yẹ kí ọmọ yín rí gbà. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù aránṣọ nígbà tí Ojúde Ọba bá kù dẹ̀dẹ̀, tí aṣọ régbérégbé kún ilẹ̀. Oníbàárà ní, "Fún mi ní àyà díẹ̀ sí i." Ìbọ̀wọ́ kò sọ èyí fún ọmọ yín rárá. Ọmọ yín ló máa wọ ẹrù náà, àwa tó ń gbọ́ràn ni yóò rọrùn fún. Ó sì tún gbọ́dọ̀ bọ́ ọ kó tó lè mú abẹ́rẹ́.

Èdè wo ló máa sọ?

Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń sọ, àmì Amẹ́ríkà ni wọ́n sì kọ́. Àmì tiwa sún mọ́ ti Amẹ́ríkà, torí pé Andrew Foster, adití ọmọ Amẹ́ríkà, ló mú un wá nígbà tó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1960. Ṣùgbọ́n a ti fi tiwa kún un. Àwọn àmì tí ẹ̀yin àti ọmọ yín dá sílẹ̀ nínú ilé ńkọ́? Kò sí ìbọ̀wọ́ tó mọ ìyẹn.

Kí ni kí n ṣe báyìí?

Ẹ má kó owó lé e. Bó bá mọ Gẹ̀ẹ́sì kà, ẹ fi Live Transcribe ti Google sórí fóònù Android rẹ̀; ọ̀fẹ́ ni, ó ń kọ ohun tí ẹlòmíì ń sọ sílẹ̀ kó lè kà á. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ ọ̀gá rẹ̀ kí òun àtàwọn ọmọṣẹ́ yòókù kọ́ àmì díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: nọ́ńbà fún ìwọ̀n, apá, àyà, ìdí, àti ọjọ́ tí oníbàárà fẹ́ gba aṣọ.