Wọ́n ní ásíìdì HF kò lágbára, kí ló dé tó fi ń pa èèyàn? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ẹni tó bá ka ìròyìn nípa ásíìdì HF tó tú sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kan máa ń bá ọ̀rọ̀ méjì tí kò bára mu pàdé. Onímọ̀ kan á ní ásíìdì tí kò lágbára ni. Lójú ewé kan náà, àwọn aláṣẹ á máa kó ará àdúgbò kúrò nílé. Bó ṣe rí nìyẹn ní ìlú Gumi ní Kòríà Gúúsù lọ́dún 2012, ó sì ń rú ọ̀pọ̀ lójú di òní. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí ni HF yìí gan-an?

Hydrogen fluoride ni. Bí kò bá sí omi nínú rẹ̀ rárá, ìwọ̀n 19.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló ti ń hó, ìyẹn ni pé nínú yàrá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán, ó ti di gáàsì. Tí wọ́n bá pò ó mọ́ omi, ó di hydrofluoric acid. Kò ní àwọ̀. Bí èyí tí wọ́n ti bomi là bá wà nínú ike, ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí omi.

Ṣé òótọ́ ni pé kò lágbára?

Òótọ́ ni, kò sì yẹ kó fi ẹnikẹ́ni lọ́kàn balẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń wọ̀n ni bí ásíìdì ṣe ń túká tó nígbà tó bá wọ inú omi. Hydrochloric acid máa ń túká pátápátá. HF kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á ṣì wà lódidi. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti burú gan-an nìyẹn. Ohun tó ti túká máa ń ní agbára iná lára, awọ wa kì í sì í tètè gba irú rẹ̀ láyè. Èyí tó wà lódidi kò ní agbára iná kankan lára, ó kàn ń wọlé lọ bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

Ó di abẹ́ awọ kó tó túká. Fluoride inú rẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá kálísíọ́mù àti magnesium kiri, èròjà méjì tí ara wa ń lò. Gbogbo kálísíọ́mù tó bá bá pàdé ló máa so mọ́, ara ò sì ní rí i lò mọ́. Tó bá kan eegun, ó ń jẹ ẹ́. Tó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí kálísíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ọkàn máa lù bó ṣe yẹ. Kálísíọ́mù á já wálẹ̀, potassium á máa tú jáde láti inú àwọn sẹ́ẹ̀lì bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège, ó sì lè dúró.

Nítorí náà, ẹni tí HF pa lè má jóná púpọ̀. Àwọn dókítà ti ṣàkọsílẹ̀ ẹni tó kú lẹ́yìn tí HF tí wọn ò bomi là jó nǹkan bí ìdá 2.5 péré nínú 100 awọ ara rẹ̀. Kẹ́ ẹ lè mọ bí ìyẹn ṣe kéré tó, àtẹ́lẹwọ́ ẹyọ kan pẹ̀lú àwọn ìka rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 1.

Àwọn kan ní ó ta sí àwọn lára, kò sì ro àwọn. Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa?

Rárá o. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà. Bí HF bá ju ìdá 50 nínú 100 lọ nínú omi tí wọ́n pò ó mọ́, ojú ẹsẹ̀ ni ìrora máa ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá wà láàárín ìdá 20 sí 50, ó lè tó wákàtí 1 sí 8 kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá tó ìdá 20, ó lè di ọjọ́ kejì.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹnì kan fi oògùn ìfọ̀dọ̀tí tó ní HF nínú fọ irin lọ́sàn-án, díẹ̀ gba ojú ihò ìbọ̀wọ́ wọlé sí i ní orí ìka. Kò mọ nǹkan kan. Ó parí iṣẹ́, ó wẹ̀, ó jẹun, ó sùn. Láàárín òru, ìka náà bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó láti abẹ́ èékánná dé inú eegun, ìrora tí oògùn ara ríro kò fọwọ́ kàn. Awọ ibẹ̀ lè kàn pọ́n díẹ̀, ó sì lè funfun ràkọ̀ràkọ̀. Bó bá dé ọsibítù tí kò sì rántí sọ ohun tó fọwọ́ kàn lọ́sàn-án, wọ́n lè fún un ní oògùn ara ríro kí wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Ṣé lóòótọ́ ló ń jẹ gíláàsì?

Bẹ́ẹ̀ ni. Inú ike ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹni tó bá fi ìgò gbé e wá fún yín kò mọ ohun tó ń gbé.

Bó bá burú tó báyìí, kí ló dé tí wọn ò fòfin dè é?

Nítorí fóònù tẹ́ ẹ fi ń ka èyí. HF ni wọ́n fi ń bó èérún gíláàsì tó fẹ́lẹ́ kúrò lára sílíkọ́nì tí wọ́n ń fi ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà àti ti fóònù. Òun náà ni ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ gáàsì inú fíríìjì, Teflon ara páànù, àti ohun tí wọ́n fi ń ṣe alumíníọ́mù. Àwọn ilé ìfọpo kan ń lò ó láti ṣe èròjà bẹntiróòlù, àwọn tó ń ṣètò uranium náà kò lè ṣe láìsí i. Nígbà tí Japan fún òfin mọ́ bí wọ́n ṣe ń ta HF fún Kòríà Gúúsù ní oṣù Keje 2019, àárín ìjọba méjèèjì túbọ̀ dàrú. Àwọn tó gbọ́ ọ ń bi ara wọn pé ṣé nítorí ásíìdì ni.

Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà tó kọ́kọ́ fẹ́ yọ fluorine, èròjà tó so mọ́ hydrogen nínú HF, kò mọ ohun tí wọ́n dì mú. Ó pa Paulin Louyet àti Jérôme Nicklès. Henri Moissan ló padà rí fluorine yọ lọ́dún 1886, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1906.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Gumi?

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, àwọn òṣìṣẹ́ ń fa HF láti inú táńkì ọkọ̀ sínú ilé iṣẹ́, wọn ò sì wọ aṣọ ààbò tó yẹ. Gáàsì tú jáde, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 8. Èèyàn 5 kú. Ewé igi àti irè oko yí àwọ̀, wọ́n rọ. Wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn ará àdúgbò kúrò, wọ́n ní kí wọ́n padà sílé ní ọjọ́ kejì, kó tó di pé àwọn ará ibẹ̀ tún kó ẹrù wọn jáde nítorí àìsàn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ rí dókítà. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ni ìjọba tó kéde ibẹ̀ ní àgbègbè àjálù.

Ṣé irú ẹ̀ lè má pa ẹnikẹ́ni?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹnì kan bá yára. Ní ilé ìfọpo kan ní Philadelphia, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 2019, ìgbọ̀nwọ́ páìpù kan tó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1973 jẹ́ nínú díẹ̀díẹ̀ títí ó fi fẹ́lẹ́ ju káàdì báǹkì lọ. Ó ya, iná sọ, ilé ìfọpo bú gbàmù. Òṣìṣẹ́ tó wà ní yàrá ìdarí tẹ bọ́tìnnì tó ń fa HF tó kù lọ sínú táńkì mìíràn. Díẹ̀ sá lọ sínú afẹ́fẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kò sí ẹni tó kú.

Bí gáàsì náà bá tú ní àdúgbò mi, ibo ni kí n gbà?

Lọ́dún 1986, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tú HF sílẹ̀ nínú aṣálẹ̀ Nevada láti wo ohun tó máa ṣe. Àwọn kan ti rò pé púpọ̀ nínú rẹ̀ á kàn dà sílẹ̀ bí omi. Kò dà sílẹ̀. Ó di ìkùukùu tó tutù, tó ń wọ́ nílẹ̀ tẹ̀ lé atẹ́gùn.

Nítorí náà, ẹ má sá tẹ̀ lé atẹ́gùn, ẹ má sì sá lọ sí kòtò. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ yọ, kẹ́ ẹ bọ́ sí ibi tó ga. Bí àwọn aláṣẹ bá ní kẹ́ ẹ dúró sínú ilé, ẹ ti fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù.

Ṣé fluoride inú ọṣẹ ìfọyín náà ni?

Rárá. Iyọ̀ ni ìyẹn, ó sì kéré. Ẹ máa fọ eyín yín.

Ṣé ó lè wà nínú ilé mi?

Ó ṣeé ṣe. Ẹ ka ara ike oògùn tó ń yọ ìdóògún, èyí tí wọ́n fi ń fọ irin táyà mọ́tò, àti èyí tí wọ́n fi ń fọ ara bíríkì. Bẹ́ ẹ bá rí "hydrofluoric acid" tàbí "ammonium bifluoride", òun náà nìyẹn; èkejì máa ń di HF bó bá kan omi. Èéfín bátìrì lítíọ́mù tó ń jóná náà máa ń ní HF nínú, nítorí náà ẹ má dúró ya fídíò.

Bó bá ta sí mi lára ńkọ́?

Ẹ má dúró wò ó bóyá á ro yín. Ẹ bọ́ aṣọ, aago àti òrùka, kẹ́ ẹ fi omi tó ń ṣàn fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi jẹ́ẹ̀lì calcium gluconate ra ibẹ̀ láìdáwọ́ dúró títí ẹ ó fi dé ọsibítù. Kálísíọ́mù inú rẹ̀ ni fluoride á so mọ́ dípò ti ara yín. Bí jẹ́ẹ̀lì kò bá sí, ẹ má tíì kúrò nídìí omi fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 15. Kí ẹni tó ń ran yín lọ́wọ́ wọ ìbọ̀wọ́. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, "HF" ni kó jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu yín, kẹ́ ẹ sì fi àwòrán ara ike náà hàn án.

Bó bá jẹ́ ojú ni, omi nìkan, ó kéré tán ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fi jẹ́ẹ̀lì sí i. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan gbé e mì, ẹ má fipá mú un bì. Ẹ má sì da baking soda sí ara ẹni tó ta sí.

Ọ̀gá mi ní ìbọ̀wọ́ tín-ín-rín tí nọ́ọ̀sì ń lò ti tó fún iṣẹ́ náà. Ṣé ó tó?

Kò tó. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn tí wọ́n ṣe fún kẹ́míkà ni, pẹ̀lú ìbòjú tó bo gbogbo ojú, aṣọ tí ásíìdì kì í wọ, àti ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ ní kó fi ibi tí jẹ́ẹ̀lì calcium gluconate wà hàn yín, kẹ́ ẹ wo ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa tán. Bí kò bá mọ ibi tó wà, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn kò tíì yá.