Àsíá Jámánì, Ọkọ̀ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Ìlú Wo Ló Ń Borí Gan-an Nínú Formula 1?

Bí ìdíje Formula 1, eré ìje ọkọ̀ tó lókìkí jù lágbàáyé, bá parí, orin orílẹ̀-èdè méjì ló máa ń dún lórí pèpéle. Ti awakọ̀ tó gbégbá orókè ló ń ṣáájú, ti ẹgbẹ́ rẹ̀ á tẹ̀ lé e. Nígbà tí Lewis Hamilton ń borí léraléra nínú ọkọ̀ Mercedes, wọn á kọ́kọ́ gbé orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí i, lẹ́yìn náà ni ti Jámánì. Ohun tí ọ̀pọ̀ òǹwòran gbà ni pé àwọn ará Jámánì ló kan ọkọ̀ náà, pé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wulẹ̀ ń bá wọn wà á ni.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Brackley, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti ń ya àwòrán ọkọ̀ yẹn tí wọ́n sì ń kàn án. Brixworth ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń wá, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ni. Kí Mercedes tó ra ẹgbẹ́ náà ní ìparí ọdún 2009, Brawn ni wọ́n ń pè é. Ṣáájú ìyẹn, Honda ni, àsíá Jàpáánì ló sì ń ta. Brackley kan náà ni gbogbo rẹ̀.

Ìwé àṣẹ ló ń sọ orílẹ̀-èdè tí ẹgbẹ́ ń ṣojú fún. Àjọ tó ń bójú tó eré ọkọ̀ ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń fúnni ní ìwé náà, àsíá ìlú tí ẹgbẹ́ bá sì ti gbàwé ni yóò ta. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ó ṣe rọrùn tó láti pààrọ̀ rẹ̀, kí ó wo ilé iṣẹ́ kan ní Silverstone, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Eddie Jordan, ọmọ Ireland, ló dá ẹgbẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀, ó sì wọ Formula 1 lọ́dún 1991. Ní 2006 ó di Midland, àsíá Rọ́ṣíà. Ní 2007 ó di Spyker, àsíá Nẹ́dálándì. Ní 2008 Vijay Mallya, oníṣòwò ọmọ Íńdíà, sọ ọ́ di Force India. Nígbà tí Giancarlo Fisichella ṣe ipò kejì ní Spa, ní Bẹ́ljíọ̀mù, lọ́dún 2009, àsíá Íńdíà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀, àmọ́ ọmọ Ítálì ni awakọ̀, Brixworth ni ẹ́ńjìnnì ti wá, Silverstone ni wọ́n ti kan ọkọ̀. Lónìí Aston Martin ni wọ́n ń pè é, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń ṣojú fún. Aṣọ ni wọ́n ń pààrọ̀, ara kò yí padà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé àwọn èèyàn ṣàdédé gba irọ́ gbọ́. Ìgbà kan wà tó jẹ́ òótọ́. Nínú ìdíje ife-ẹ̀yẹ Gordon Bennett, láti 1900 sí 1905, orílẹ̀-èdè ló ń bá orílẹ̀-èdè figa gbága. Ìlú kọ̀ọ̀kan kò lè mú ju ọkọ̀ mẹ́ta wá, gbogbo ohun tó wà lára ọkọ̀ náà, títí kan táyà, sì gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìlú ọ̀hún. Ní 1901, wọn kò gba ọkọ̀ Napier ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyè nítorí pé táyà Faransé ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ayé ìgbà yẹn ni àwọ̀ orílẹ̀-èdè ti bẹ̀rẹ̀: búlúù fún Faransé, àwọ̀ ewé fún Gẹ̀ẹ́sì, pupa fún Ítálì, funfun fún Jámánì kó tó di fàdákà. Lọ́dún 1968 ẹgbẹ́ Lotus ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kun ọkọ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ sìgá Gold Leaf. Owó ìpolówó wọlé, àwọ̀ orílẹ̀-èdè gba ẹ̀yìn jáde.

Lórí ẹ́ńjìnnì gan-an ni orúkọ ti ń tanni jẹ jù. Ìdíje 155 ni ẹ́ńjìnnì DFV borí láti 1967, Ford sì ni wọ́n kọ sí i lára. Owó ni Ford mú wá, ọ̀kẹ́ márùn-ún (100,000) pọ́n-ùn. Ẹni tó yàwòrán rẹ̀ ni Keith Duckworth, ilé iṣẹ́ Cosworth ló sì ṣe é ní Northampton, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bákan náà, orúkọ TAG, ilé iṣẹ́ tó mú owó wá, ló wà lára ẹ́ńjìnnì tí ẹgbẹ́ McLaren fi gba ife-ẹ̀yẹ ní 1984 àti 1985, bẹ́ẹ̀ Porsche ti Jámánì ló ṣe é.

Ferrari ńkọ́? Òun ló sún mọ́ ìgbàgbọ́ náà jù, torí Maranello, ní Ítálì, ni wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì pọ̀. Síbẹ̀, láàárín 2000 sí 2004 tí wọ́n ń gba gbogbo ife-ẹ̀yẹ, Jean Todt tó jẹ́ olórí wọn, ọmọ Faransé ni. Ross Brawn tó ń darí iṣẹ́ ẹ̀rọ, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Rory Byrne tó ń ya ọkọ̀, ọmọ South Africa. Michael Schumacher tó ń wakọ̀, ọmọ Jámánì. Ìtàn kan tún wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: lọ́dún 1964, Enzo Ferrari bá àwọn aláṣẹ eré ọkọ̀ ní Ítálì jà, ó sì fi orúkọ ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà kan kó ọkọ̀ rẹ̀ wá sí ìdíje méjì tó kẹ́yìn ọdún náà. Nínú Ferrari aláwọ̀ búlúù àti funfun ni awakọ̀ John Surtees ti gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní Mexico.

Alpine náà wà níbẹ̀, àsíá Faransé ló ń ta. Enstone, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti ń kan ọkọ̀ wọn. Tẹ́lẹ̀, a ṣì lè sọ pé Viry-Châtillon, nítòsí Paris, ni ẹ́ńjìnnì ti ń wá. Láti 2026, ẹ́ńjìnnì Mercedes ni wọ́n ń lò, èyí tó ń ti Brixworth wá. Ó ku Pierre Gasly tó ń wa ọ̀kan nínú ọkọ̀ wọn. Ọmọ Faransé ni òun ní tirẹ̀.