Ta ló ní kí bátìrì fóònù kọ́kọ́ kú tán?

Ìmọ̀ràn kan ṣì ń jà ràn-ìn tó yẹ kó ti kásẹ̀ ńlẹ̀: pé kí èèyàn jẹ́ kí bátìrì fóònù kú pátápátá kó tó ṣájì rẹ̀. Òótọ́ ni nígbà kan. Àmọ́ bátìrì mìíràn ni wọ́n sọ ọ́ fún.

Nickel-cadmium ni bátìrì ọ̀hún, èyí tí Waldemar Jungner ará Sweden ṣe ní 1899. Bí wọ́n bá ń ṣájì rẹ̀ léraléra nígbà tí kò tíì tán, àwọn hóró cadmium inú rẹ̀ a máa tóbi sí i, agbára rẹ̀ a sì tètè máa rẹlẹ̀. Bí wọ́n bá lò ó tán, á tún bọ̀ sípò. Nickel-metal hydride tó rọ́pò rẹ̀ kò ní cadmium onímájèlé, ó sì ṣì dára gan-an fún tọ́ọ̀ṣì àti ohun ìṣeré ọmọdé.

Lithium-ion, bátìrì inú fóònù òde òní, tí Sony gbé wá sọ́jà ní 1991, kò bá wọn tan. Ẹyọ kan rẹ̀ ń mú nǹkan bíi 3.7 volt wá. Ti nickel, 1.2 ni. Bí a bá ń ṣájì rẹ̀, lithium inú rẹ̀ á máa wọ àárín àwọn ìpele graphite, ohun dúdú bíi ti inú pẹ́ńsù. Ẹ wo dáńfó ní Òṣòdì. Èrò àkọ́kọ́ á wọlé wẹ́rẹ́, á yan ìjókòó tó wù ú. Àwọn tó kẹ́yìn ní láti fún ara wọn pọ̀. Ìdí nìyẹn tí fóònù fi ń sáré dé 80%, tí ìyókù á wá máa falẹ̀. Bí kọ̀ndọ́kítọ̀ bá ṣì ń fipá kó èrò, àwọn kan á rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni lithium tí wọ́n bá fi iná tó pọ̀ jù tì: á lẹ̀ mọ́ ara graphite lóde, ọ̀pọ̀ nínú èyí tó lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sì í padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́.

Kíkún fọ́fọ́ nínú ooru ń mú un gbó kíákíá. Kó ṣófo kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan tún burú. Àárín ló tù ú lára, láti bíi 20% sí 80%. Àwọn tó ṣe fóònù mọ èyí, wọ́n sì gbọ́n: fóònù máa ń pa ara rẹ̀ kí bátìrì tó ṣófo ní tòótọ́.

Bátìrì olójé tó wà nínú ọ̀pọ̀ fáànù àti àtùpà tó ń gba ṣájì tún wá yàtọ̀ pátápátá. Kíkún ló fẹ́ ní gbogbo ìgbà. Bó bá ṣófo tí wọ́n gbé e sí kọ̀rọ̀, èérí òjé inú rẹ̀ á le gbagidi, kò sì ní gba iná dáadáa mọ́. Nígbà tí iná bá ń wà déédéé, tí ẹnikẹ́ni kò rántí fáànù, ìgbà náà gan-an ló ń kú. Ẹ̀bi olùrà nìkan kọ́ o: ó yẹ kí wọ́n kọ irú bátìrì tó wà nínú rẹ̀ gàdàgbà sára páálí, pẹ̀lú ohun tó ń fẹ́.