Agbọ́n Tí Wọ́n Pè Ní Ẹyin: Bí Cotesia glomerata Ṣe Dé Ìdí Orúkọ Rẹ̀

Kòkòrò ajewé kan wà lórí ewé kábéèjì, irú èyí tó yẹ kó di labalábá funfun. Ó ti dúró sójú kan, kò jẹun mọ́. Ilé òwú wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ìyeyè ṣù pọ̀ sí abẹ́ ikùn rẹ̀, ó lé ní ogún, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì tó hóró ìrẹsì. Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ á ní kòkòrò náà ti yé ẹyin, ó wá ń sàba lé e.

Ohun tí Ulisse Aldrovandi náà sọ nìyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni ní Bologna, ní Ítálì, ìwé ńlá tó kọ nípa kòkòrò sì jáde lọ́dún 1602. Ó rí àwọn ilé òwú yìí, ó ní ẹyin ni. Ẹ má bá a wí jù. Nígbà ayé rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ló gbà pé kòkòrò lè hù láti inú ohun tó ń jẹrà, láìní ìyá, láìní bàbá.

Ayàwòrán kan ní Middelburg, ní Netherlands, Johannes Goedaert, ló tún sún mọ́ ọn. Ó ń tọ́ kòkòrò ajewé fúnra rẹ̀, ó ń ṣọ́ ohun tí yóò tinú wọn jáde. Nígbà mìíràn labalábá ni. Nígbà mìíràn, nínú irú kòkòrò kan náà, eṣinṣin kéékèèké ló máa tú jáde. Ó kọ méjèèjì sílẹ̀ bó ṣe rí wọn, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní àwọn ọdún 1660. Iṣẹ́ olóòótọ́ ni, bí ìtumọ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ dé ibi tó yẹ.

Ìgbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wá lójú. Antonie van Leeuwenhoek, ọmọ Netherlands tó ń fi máíkírósíkóòpù wo ohun wẹ́wẹ́, ti rí i lára iná ewéko, àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń mu omi ara ewé, pé agbọ́n wẹ́wẹ́ ló ń yé ẹyin sí wọn nínú. Antonio Vallisneri, oníṣègùn tó ń kọ́ni ní Padua, sì tú àdììtú kòkòrò kábéèjì: ilé tí ìdin agbọ́n hun fún ara wọn ni ohun tí Aldrovandi pè ní ẹyin.

Agbọ́n náà, tí à ń pè ní Cotesia glomerata lónìí, dúdú, gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ. Kòkòrò ajewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ló máa ń wá. Á fi abẹ́rẹ́ ìdí rẹ̀ gún un, á yé ẹyin bíi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i nínú, á sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ìdin á máa mu nínú omi ara kòkòrò náà, bẹ́ẹ̀ ni òun á ṣì máa jẹ ewé bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Nígbà tó bá yá, wọ́n á dá awọ rẹ̀ lu, wọ́n á jáde, wọ́n á sì hun ilé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi tó yà mí lẹ́nu jù nìyí: kòkòrò náà kì í tíì kú. Á ta òwú tirẹ̀ bo ilé àwọn tó jẹ ẹ́ nínú, á sì máa ju orí sí ohunkóhun tó bá sún mọ́ wọn. Ẹni tó bá ní ó ń sàba kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ̀bi.

À bá pè é ní afòmọ́, àmọ́ afòmọ́ kì í sábà pa igi tó gùn lé, eléyìí kì í sì í dá ẹni tó gbà á sílé sí. Ìyàtọ̀ yìí ló mú kí O. M. Reuter, ọmọ Finland, dá ọ̀rọ̀ mìíràn sílẹ̀ lọ́dún 1913: parasitoid.

Ní ti orúkọ, ọ̀dọ̀ Linnaeus ní Sweden ló ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dún 1758. Orúkọ méjì ló ń fún gbogbo ohun abẹ̀mí, ti ìdílé ṣíwájú, ti ẹnìkọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé e. Ó pe tiwa ní Ichneumon glomeratus. Glomeratus ni ohun tó ṣù pọ̀, nítorí àwọn ilé òwú yẹn. Ichneumon ni atọpasẹ̀, lédè Gíríìkì. Àpò kan ṣoṣo ni Ichneumon yìí, ọ̀pọ̀ agbọ́n tó ń gbé inú kòkòrò mìíràn ló sì rọ́ sínú rẹ̀, ńlá àti kékeré.

Àwọn tó tẹ̀ lé e ló wá ń tú àpò náà. Latreille, ọmọ Faransé, yọ Microgaster sọ́tọ̀ lọ́dún 1804. Foerster, ọmọ Jámánì, tún yọ Apanteles lára ìyẹn lọ́dún 1862. Kí ló fi dá wọn mọ̀? Ẹ fi ìyẹ́ iwájú sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Lára Microgaster, àwọn iṣan ìyẹ́ pàdé yí ojú kékeré kan ká, wọ́n sé e pa. Lára Apanteles, ẹ̀gbẹ́ kan ojú náà ṣí sílẹ̀. Gbogbo ẹjọ́ náà nìyẹn. Apanteles glomeratus ló ń jẹ́ nígbà tí C. V. Riley, onímọ̀ kòkòrò ní Amẹ́ríkà, kó o láti England lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1883, kó lè bá wọn pa kòkòrò kábéèjì.

Ṣùgbọ́n Apanteles náà kún àkúnya. Lọ́dún 1981, W. R. M. Mason ní Kánádà fi hàn pé iṣan ìyẹ́ tó ṣí yẹn kò tó ẹ̀rí ìbátan. Ó pín wọn sí ìdílé púpọ̀. Àwọn tí abẹ́rẹ́ ìdí wọn kúrú, tí ẹ̀yìn wọn rí hágahàga, ló kó sábẹ́ Cotesia, orúkọ tí Cameron ti dá sílẹ̀ láti ọdún 1891. Nítorí pé orúkọ abo ni Cotesia nínú èdè Látìn, glomeratus di glomerata. Bí ẹ bá sì rí orúkọ Linnaeus nínú àkámọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé òun ló sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n ó ti kúrò ní ìdílé tó fi í sí.

Ojú nìkan kò tún tó mọ́ báyìí. Ní Guanacaste, ní Costa Rica, àwọn onímọ̀ ti ń tọ́ kòkòrò ajewé fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń kọ èyí tí agbọ́n kọ̀ọ̀kan ti jáde sílẹ̀. Lára àwọn ìbátan Cotesia tí wọ́n kó jọ, irú 171 ni wọ́n fojú kà. Nígbà tí wọ́n yẹ DNA wọn wò, ìyẹn àmì àjogúnbá tó wà nínú ara ohun abẹ̀mí, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 2008, ó di 313.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ agbọ́n tó pa kòkòrò kan kò tíì bọ́ bó bá ṣa ilé òwú aláwọ̀ ìyeyè yẹn sínú ìgò. Agbọ́n mìíràn wà, Lysibia nana, tó ń wá àwọn ilé náà kiri láti yé ẹyin tirẹ̀ sára ohun tó wà nínú wọn. Nítorí náà, bí irú méjì bá jáde nínú ìgò kan ṣoṣo, ìyẹ́ wọn ni kí ó kọ́kọ́ gbé sábẹ́ máíkírósíkóòpù, kó tó kọ orúkọ èyíkéyìí sílẹ̀ pé òun ló jẹ kòkòrò kábéèjì.