Bàálù kúrò l'Ékòó lálẹ́, ó dé New York kí ilẹ̀ tó mọ́: ọgbọ́n wo ló dá sí i?

Ìbéèrè: Ọmọ mi gbéra n'Íkẹjà láago mọ́kànlá alẹ́ nínú oṣù Kìíní. Ó ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí làwọn balẹ̀ ní New York. Wákàtí márùn-ún ààbọ̀ péré? Èmi ti lo wákàtí mẹ́ta rí láti Sábó n'Íkòròdú dé Ojótà!

Ìdáhùn: Ọmọ yín ò purọ́, Mọ̀mí. Aago tọ̀hún ló sọ. Nígbà òtútù wọn, a fi wákàtí mẹ́fà ṣíwájú New York. Bó ṣe ń balẹ̀ yẹn, aago mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀ ti lù n'Íkòròdú, ẹ ti jẹun àárọ̀ tán. Ẹ kà á láti aago mọ́kànlá alẹ́, wákàtí mọ́kànlá ààbọ̀ ni. Láti oṣù Kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, wákàtí márùn-ún ló máa ń wà láàárín wa, torí wọ́n máa ń sún aago tiwọn síwájú. Àwa kì í sún tiwa.

Ìbéèrè: Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni àbọ̀?

Ìdáhùn: Ibẹ̀ gan-an ló ti dùn. Tó bá kúrò lọ́hùn-ún láago kan ọ̀sán, nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ kejì ló máa balẹ̀ n'Íkẹjà. Lójú aago, wákàtí mẹ́rìndínlógún nìyẹn. Ẹ yọ mẹ́fà kúrò, ó ku mẹ́wàá. Àlọ tó jọ pé ó yá ló pẹ́. Àbọ̀ tó jọ pé ó pẹ́ ló yá. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ò gùn sí i, nǹkan bíi kìlómítà 8,440 náà ni.

Afẹ́fẹ́ ló fà á. Lókè lọ́hùn-ún, ní nǹkan bíi kìlómítà 10 sílẹ̀, afẹ́fẹ́ líle kan máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn wá sí ìlà-oòrùn lórí òkun Àtìláńtíìkì. Nígbà òtútù, ó lè sáré ju kìlómítà 200 lọ ní wákàtí kan. Lálọ, iwájú ló ti ń kọlu bàálù. Lábọ̀, ẹ̀yìn ló ti ń tì í. Awakọ̀ á máa yà fún un lálọ, á sì wá a kiri lábọ̀, ìdí nìyẹn tí àkókò fi ń yàtọ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́.

Ìbéèrè: Wọ́n ní ayé tó ń yí ló fà á.

Ìdáhùn: Mo ti gbọ́ ọ títí. Ìlà-oòrùn layé ń yí sí. Tó bá jẹ́ pé ṣe ni ilẹ̀ ń yí wá pàdé bàálù, àlọ ni ì bá yá. Afẹ́fẹ́ tí bàálù ń fò nínú rẹ̀ ń bá ayé yí ni. Lóòótọ́, yíyí ayé wà lára ohun tó ń darí afẹ́fẹ́ líle yẹn, àmọ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: London ńkọ́?

Ìdáhùn: Àríwá gbọnrangandan ni, ẹ̀gbẹ́ ni afẹ́fẹ́ yẹn ti ń bá a. Àlọ àtàbọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni kí n kúrò nílé tí mo bá fẹ́ lọ pàdé rẹ̀?

Ìdáhùn: Bó bá ń balẹ̀ láago márùn-ún ìdájí, ẹ kúrò ní Sábó láago mẹ́rin, kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Mile 12 tó gbérasọ. Ẹ̀yin lẹ máa dúró dè é, torí yóò ṣì tò síbi ìwé ìrìnnà, yóò tún dúró gba ẹrù. Aago ìbalẹ̀ tí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, aago tiwa níbí ni. Ẹ má tún yọ mẹ́fà kankan níbẹ̀ o.