Ìgbọràn ọmọ àti ojúṣe òbí nínú ẹ̀kọ́ Kristẹni ní Àjàṣẹ́

Ẹ̀kọ́ Kristẹni lórí ìgbọràn ọmọ dúró lórí òfin pé kí ọmọ bọ̀wọ̀ fún baba àti ìyá rẹ̀ (Ẹ́kísódù 20:12). Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí àwọn Àgùdà (ìyẹn Kátólíìkì), Mẹ́tọ́díìsì àti Ìjọ Sẹ̀lẹ́ ti jọ ń ṣe àdúgbò, àwọn ọmọdé lè jiyàn lórí òfin yìí. Ọmọ Àgùdà tó ń kọ́ katikísímù á ní òfin kẹrin ni, ọmọ Mẹ́tọ́díìsì á ní ìkarùn-ún ni. Kò sí ẹni tó ṣì í. Àwọn Àgùdà ka òfin ère mọ́ òfin kìíní, wọ́n sì pín òfin ojúkòkòrò sí méjì kí ó lè pé mẹ́wàá.

Nínú Bíbélì Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther ṣe agbátẹrù rẹ̀, tó parí ní 1884, "bọ̀wọ̀" ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò. Crowther fúnra rẹ̀ ti dé Kétu, ìlú Yorùbá kan ní Bẹ̀nẹ̀ òde òní, ní 1853. Ọ̀rọ̀ "bọ̀wọ̀" kò ṣàjèjì létí ẹnikẹ́ni ní agbègbè náà: ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kó tó wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì, ti ń ṣe é kó tó mọ ìwé kà.

Ìwé Éfésù 6:1-4 ni àwọn oníwàásù máa ń kà jù. Ẹsẹ mẹ́ta àkọ́kọ́ bá ọmọ sọ̀rọ̀, àwọn yẹn ni òbí sì máa ń há sórí. Ẹsẹ kẹrin yíjú sí baba: kí ó má ṣe mú ọmọ bínú, kí ó tọ́ ọ nínú ẹ̀kọ́ Olúwa. Kólósè 3:21 sọ ìdí rẹ̀, kí ọmọ má baà rẹ̀wẹ̀sì. Ojúṣe òbí kò mọ síbẹ̀. 1 Tímótì 5:8 ní ẹni tí kò pèsè fún ará ilé rẹ̀ burú ju aláìgbàgbọ́ lọ. 2 Kọ́ríńtì 12:14 ní òbí ló yẹ kó to ìṣúra jọ fún ọmọ, kì í ṣe ọmọ fún òbí. Níbi ìsàmì, òbí àti àwọn tó dúró fún ọmọ ló ń jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn á kọ́ ọ ní ìgbàgbọ́.

Ọ̀rọ̀ pàṣán le díẹ̀. Òwe 13:24 ní ẹni tó fa ọ̀pá sẹ́yìn kórìíra ọmọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí sì gbà á bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n òfin ọmọdé tí Bẹ̀nẹ̀ ṣe ní 2015 ka nínà ọmọ léèwọ̀, nínú ilé pàápàá.

Ìgbọràn ní ààlà: bí òbí bá ní kí ọmọ dẹ́ṣẹ̀, ti Ọlọ́run ló gbọ́dọ̀ ṣe (Ìṣe 5:29). Katikísímù tí àwọn Àgùdà gbé jáde ní 1992 ní ìgbọràn á dópin nígbà tí ọmọ bá dá dúró, àmọ́ ọ̀wọ̀ kì í dópin. Ó tún ní kí òbí má ṣe fipá yan iṣẹ́ tàbí ọkọ tàbí aya fún ọmọ.

Ìrànlọ́wọ́ fún òbí tó ti darúgbó wà nínú òfin bíbọ̀wọ̀ fún òbí náà. Nínú Máàkù 7:9-13, Jésù bá àwọn tó ń pe owó tó yẹ fún òbí ní ọrẹ Ọlọ́run wí. Ẹni tó ń tajà ní ọjà Wàndó ní Àjàṣẹ́, tó ń san ìdámẹ́wàá ní gbogbo oṣù, tí kò sì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Sábẹ̀ẹ́, òun gan-an ni ẹsẹ yẹn ń bá wí.